Eégbọn, àrùn Lyme àti ibà ara ẹran: àwọn ìbéèrè tí ẹ kò yé bi mí

Ẹran ni mo ń tọ́jú ní Ìlọrin, mo sì máa ń dé Ọ̀fà, Àjàṣẹ́-Ìpo àti Òmù-Àrán bí wọ́n bá pè mí. Ìbéèrè kan náà ni mo ń bá pàdé ní gáà, ní odò ẹran àti lórí WhatsApp, ni mo bá kó wọn jọ síbí. Èyí tó bá kan ara ènìyàn níbẹ̀, ohun tí àwọn oníṣègùn fẹnu kò lé lórí ni mo kọ. Kò dípò dókítà yín o.

Kí ni eégbọn gan-an? Ṣé òun náà ni yọ̀rọ̀?

Rárá. Yọ̀rọ̀ ni ti adìẹ, iná ni ti orí àti aṣọ, ìdun ni ti bẹ́ẹ̀dì. Eégbọn kì í fò, kì í sì í tọ pọ́ún bí ọ̀pọ̀lọ́. Ìbátan aláǹtakùn àti àkekèé ni, ìdí nìyẹn tó fi ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ bó bá dàgbà. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ẹyin, ẹsẹ̀ mẹ́fà péré ló ní, ó sì kéré débi pé ẹ ó pè é ní erùpẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ nìkan ni oúnjẹ rẹ̀. Bí kò bá tíì mu ún, ó pẹlẹbẹ bí èèpo ẹ̀gúsí. Bí abo rẹ̀ bá mu yó, á wú, ara rẹ̀ á máa dán, àwọ̀ rẹ̀ á dà bí eérú. Bí ẹ bá fọwọ́ kan ohun kan lẹ́yìn etí ajá yín tó dà bí hóró ẹ̀wà, tí kò sì ṣeé gbọ̀n nù, òun nìyẹn. Bó bá yó tán á já bọ́, á yé ẹyin ẹgbẹẹgbẹ̀rún sínú ihò tàbí abẹ́ ewé, á sì kú síbẹ̀.

Oríṣi wo ló wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa?

Èyí tó wà lára ajá pupa rẹ́súrẹ́sú, inú ilé ló fẹ́ràn. Ti màlúù ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Amblyomma variegatum. Ẹ̀yìn akọ rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, wọ́n fi dúdú ya ìlà sí i bí àǹkárá, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ní òrùka funfun. Eégbọn tó lẹ́wà ni, bí ẹ bá lè gbójú fo ohun tó ń ṣe. Bí òjò bá ti ń rọ̀ lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan ni àgbà rẹ̀ máa ń pọ̀ jù, lábẹ́ ìrù, ní abẹ́ itan àti lára ọmú màlúù.

Èkejì ni Hyalomma. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn. Àwọn yòókù máa ń dúró de ẹran, ṣùgbọ́n òun lè sáré tẹ̀ lé ẹran tàbí ènìyàn tó bá rí. Ẹ fi orúkọ rẹ̀ sọ́kàn, a ṣì ń bọ̀ wá bá a.

Báwo ló ṣe ń dé ara ènìyàn?

Á gun orí koríko, á na ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì síta, á wá máa retí. Ohun tó bá fara kan koríko náà ló gbé e lọ. Àgbẹ̀, ọdẹ, darandaran àti ọmọ tó ń gba ọ̀nà ìgbẹ́ lọ sí ilé-ìwé ló ń bá jù. Ti ajá kò nílò ìgbẹ́ rárá: bí ajá bá ń sùn lẹ́nu ọ̀nà yàrá yín, ẹ ti jọ ń gbélé nìyẹn. Kì í sábà jẹ́ kí ènìyàn mọ̀ pé òun ti so, nítorí itọ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí ojú ibẹ̀ dunni.

Kí ni àrùn Lyme tí gbogbo ènìyàn ń sọ?

Lyme ni orúkọ ìlú kékeré kan ní Connecticut, Amẹ́ríkà. Ní nǹkan bí ọdún 1975, àwọn ìyá kan níbẹ̀ ṣàkíyèsí pé orúnkún ọmọ wọn ń wú, tí ọmọ aládùúgbò náà sì ń wú, wọn ò sì dákẹ́ títí àwọn dókítà fi wá wò ó. Ní 1981 ni Willy Burgdorfer rí ohun tó fà á nínú eégbọn: bakitéríà tó lọ́ bí okùn, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè ní Borrelia burgdorferi.

Láàárín ọjọ́ 3 sí 30 lẹ́yìn tí eégbọn bá so, ojú ibẹ̀ máa ń pọ́n, á sì máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà mìíràn bí òrùka yí òrùka ká. Nínú aláìsàn mẹ́wàá, bíi méje tàbí mẹ́jọ ló máa ń ní in. Ibà, orí fífọ́ àti ara ríro á tẹ̀ lé e. Bí wọn kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè wọ oríkèé, ó lè wọ ọkàn, ó sì lè mú kí ẹ̀gbẹ́ ojú kan rọ. Oògùn wà fún un, doxycycline tàbí amoxicillin, bíi ọjọ́ 10 sí 14 fún ìbẹ̀rẹ̀ àrùn. Ènìyàn kì í kó o ran ènìyàn.

Ṣé àrùn Lyme wà ní Ìlọrin?

Eégbọn tó ń gbé e kiri, ìdílé Ixodes kan ni, igbó ibi òtútù ní Amẹ́ríkà, Yúróòpù àti Éṣíà ló ń gbé. Ní Áfíríkà, apá òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n, ní Mòrókò àti Àlùjíríà àti agbègbè wọn. Eégbọn ajá Tánkẹ̀ tàbí ti màlúù Àjàṣẹ́-Ìpo kì í gbé àrùn Lyme. Ohùn obìnrin kan tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé “Lyme ti wọ Kwara, ẹ lé ajá yín jáde”, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ránṣẹ́ sí mi mọ́. Mo ti gbọ́ ọ ju ìgbà mẹ́wàá lọ.

Ṣùgbọ́n èyí kò sọ pé eégbọn tiwa kò léwu. Ibi tí mo rí i pé a ti ń ṣìnà nìyí: a gbé ojú lé àìsàn òkèèrè, ti abẹ́ ilé wa sì ń kọjá lójú wa ní orúkọ “ibà”.

Kí wá ni eégbọn tiwa ń fà?

Èkíní, ibà eégbọn ti ilẹ̀ Áfíríkà. Bakitéríà Rickettsia africae ló fà á, eégbọn ẹlẹ́wà tí mo ṣàlàyé lókè sì ni ó ń gbé e kiri ní apá ọ̀dọ̀ wa. Àwọn olùwádìí ti rí bakitéríà náà lára eégbọn màlúù ní Nàìjíríà. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí eégbọn bá so, ara á gbóná, orí á fọ́, ọrùn àti ẹ̀yìn á máa ro, kókó á sọ lábẹ́ itan tàbí abíyá. Àmì rẹ̀ tó dájú jù ni èépá dúdú kan níbi tí ó so sí, bí ẹni pé wọ́n fi sìgá jó ibẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pọ́n. Ó lè ju ẹyọ kan lọ. Kì í sábà pani, doxycycline sì ń wò ó.

Èkejì ni ibà Congo, tí wọ́n ń pè ní CCHF. Fáírọ́ọ̀sì ni, Hyalomma ló ń gbé e. Kì í ṣe ohun àjèjì sí wa: láàárín ọdún 1960 sí 1970, àwọn olùwádìí ní Ìbàdàn rí i lára eégbọn àti màlúù. Èyí ń pani. Àjọ WHO sọ pé ó ń pa láàárín ènìyàn 10 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún tó bá kó o.

Ẹ̀kẹta, tí ẹnikẹ́ni kì í rántí: fáírọ́ọ̀sì Dugbe. Bẹ́ẹ̀ ni, Dùgbẹ̀ ti Ìbàdàn. Ọdún 1964 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i lára eégbọn màlúù, wọ́n sì fi orúkọ àdúgbò náà sọ ọ́. Ibà tí kò le púpọ̀ ló máa ń fà. Àwa tí à ń bẹ̀rù orúkọ ìlú Connecticut, orúkọ Dùgbẹ̀ wà nínú ìwé àwọn onímọ̀ fáírọ́ọ̀sì káàkiri àgbáyé, a ò mọ̀.

Mo rí eégbọn lára mi. Báwo ni kí n ṣe yọ ọ́?

Ẹ wá ẹ̀mú kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó, irú èyí tí àwọn obìnrin fi ń fa irun ojú. Ẹ fi di eégbọn mú ní ibi tí orí rẹ̀ ti kan awọ, kì í ṣe ní ikùn. Ẹ fà á sókè tààrà, díẹ̀díẹ̀, ẹ má yí i, ẹ má já a gbàmù. Awọ yín á kọ́kọ́ gbéra tẹ̀ lé e bí àgọ́ kékeré. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á jọ̀wọ́. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀, ẹ fi spírítì nù ún. Bí kò bá sí ẹ̀mú, ẹ fi ọ̀rá wé ìka kí ẹ tó dì í mú.

Kẹrosíìnì, àdí, ìṣáná, Robb, ẹ fi gbogbo wọn sílẹ̀. Ìyá mi àgbà ní Òró máa ń kán epo sí i, mo mọ̀, ó sì máa ń já bọ́ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n eégbọn tí ara ń ni lè pọ ohun tó wà nínú rẹ̀ padà sí ojú egbò, àrùn tí à ń sá fún sì wà nínú ohun tó pọ̀ yẹn. Ẹ tètè yọ ọ́, ìyẹn ló ṣe pàtàkì. Fún àrùn Lyme lókè òkun, ó sábà máa ń gba ju wákàtí 24 lọ kí bakitéríà náà tó wọ ara. Àwọn àrùn mìíràn kì í dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ ju ú sínú spírítì, tàbí kí ẹ fi tépù lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí i. Ọjọ́ yẹn á wúlò bí ibà bá dé.

Ẹnu rẹ̀ kù sínú ara ńkọ́?

Ẹ má fi abẹ́rẹ́ wa ibẹ̀. Ara á ti i jáde fúnra rẹ̀ bí ẹ̀gún. Bó bá ń wú tàbí ó ń yọ ọyún, ẹ lọ fi han nọ́ọ̀sì.

Ṣé àwọn ọmọdé lè máa já eégbọn lára ajá tàbí màlúù?

Òwe wa ní bí eégbọn bá so mọ́ akátá lẹ́nu, adìẹ kọ́ ni yóò já a. Ọmọdé náà kọ́. Ní gáà kan lọ́nà Àjàṣẹ́-Ìpo, mo bá ọmọkùnrin kan tí kò ju ọdún mẹ́jọ lọ, ó jókòó ti ọmọ màlúù, ó ń já eégbọn rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi èékánná méjì fọ́ wọn. Ó ń dùn mọ́ ọn, wọ́n ń ró pàkà-pàkà. Ẹ̀jẹ̀ ti dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó ṣí ọwọ́ hàn mí, ojú egbò tútù wà lórí àtàǹpàkò, ibi tí àdá ti gé e.

Fífọ́ eégbọn láàárín ìka wà nínú àwọn ọ̀nà tí wọ́n mọ̀ pé ibà Congo ń gbà wọ ara. Ìbọ̀wọ́, ẹ̀mú, agolo tí ẹ bu omi ọṣẹ tàbí kẹrosíìnì sí láti máa jù wọ́n sí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibà ń ṣe mí lẹ́yìn tí mo ti oko dé. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ibà lásán ni?

Ẹ kò lè mọ̀ ọ́n lójú. Orí fífọ́, òtútù, ara ríro, gbogbo wọn ló jọra. Nítorí náà, ẹ ṣe àyẹ̀wò ibà ẹlẹ́fọn kí ẹ tó lo oògùn rẹ̀. Ìdajì ohun tí a ń pè ní “ibà àti taifọ́ọ̀dù” ní kẹ́míìsì, kò sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Èrò tèmi nìyẹn o, ẹ lè bá mi jà.

Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé kò sí ibà ẹlẹ́fọn, tàbí ẹ ti lo oògùn rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta láìsí ìyàtọ̀, ẹ bọ́ aṣọ kí ẹnìkan bá yín wo ẹ̀yìn orúnkún, abẹ́ itan, abíyá, ẹ̀yìn etí àti inú irun. Èépá dúdú ni ẹ ń wá. Kí ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ yìí fún dókítà ní ẹnu yín: “Eégbọn so mọ́ mi ní ọjọ́ báyìí.” Bí ẹ kò bá sọ ọ́, kò sí bí yóò ṣe mọ̀.

Ṣé kí n tètè lo doxycycline ní kété tí mo bá yọ eégbọn?

Rárá. Ní Amẹ́ríkà, ní àdúgbò tí Lyme ti pọ̀, dókítà lè fún àgbàlagbà ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, miligíráàmù 200, láàárín wákàtí 72. Ti Lyme nìyẹn. Lọ́dọ̀ wa, ẹ máa ṣọ́ ara yín fún ọ̀sẹ̀ méjì. Aboyún kò gbọdọ̀ rà á lo fúnra rẹ̀. Kò sì ran fáírọ́ọ̀sì rárá, ẹ̀ẹ̀kan ni tàbí ọgọ́rùn-ún.

Alápatà ni mí. Kí ló kàn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Ó kàn yín ju ẹnikẹ́ni lọ. Ibà Congo kì í ṣe màlúù fúnra rẹ̀ ní nǹkan kan. Ẹran náà á máa jẹ koríko, ara rẹ̀ á dá, fáírọ́ọ̀sì á sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Bí ẹ bá dúńbú rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, tí ẹ̀jẹ̀ sì ta sí ojú tàbí sí egbò ọwọ́, ó ti wọlé. Láti inú ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ 5 tàbí 6 ló sábà máa ń gbà kó tó hàn. Láti ara eégbọn, ọjọ́ 1 sí 3. Ibà òjijì, ẹ̀yìn ríro, ojú pípọ́n, èébì. Lẹ́yìn náà ẹ̀jẹ̀ lè máa jáde ní imú, ní eyín, lábẹ́ awọ.

Ìbọ̀wọ́, bàtà róbà, aṣọ tó bo apá. Mo mọ̀ pé ooru ń mú, mo sì mọ̀ pé ọ̀bẹ a máa yọ̀ nínú ìbọ̀wọ́. Ó kéré tán, ẹ lẹ pílásítà mọ́ gbogbo egbò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn ojú.

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde lára rẹ̀ lẹ́yìn ibà, ẹ má gbé e sórí ọ̀kadà láàárín ẹni méjì. Òógùn, èébì àti ẹ̀jẹ̀ aláìsàn náà ń ràn. Ẹ pe NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà, lórí 6232, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ sì sọ fún ilé ìwòsàn kí ẹ tó dé ibẹ̀.

Ṣé ẹran tí eégbọn wà lára rẹ̀ ṣeé jẹ? Wàrà ńkọ́?

Ẹran tó jinná dáadáa ṣeé jẹ. Iná ń pa fáírọ́ọ̀sì náà. Pọ̀nmọ́ náà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gé e ní tútù ni ewu wà fún. Wàrà tí wọ́n bá gbé ka iná títí ó fi hó kò ní wàhálà. Mílíìkì tútù tààrà láti ọmú màlúù ni kí ẹ yẹra fún, eégbọn wà níbẹ̀ tàbí kò sí.

Ajá mi kò jẹun, ìtọ̀ rẹ̀ sì dà bí sobo. Ṣé wọ́n bú u ni?

Wọn kò bú u. Ẹ ká ètè rẹ̀ sókè kí ẹ wo erìgì rẹ̀. Bó bá funfun bí bébà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Babesia, kòkòrò àrùn tí eégbọn gbìn sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tó ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ náà láti inú. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní imú, ẹ fura sí Ehrlichia. Méjèèjì ní oògùn, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ṣoṣo lè jẹ́ ìyàtọ̀. Ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìlọrin wà fún irú èyí. Àwọn ọdẹ, ẹ jọ̀wọ́, ajá tó ń bá yín lépa ọ̀yà lánàá tó wá dùbúlẹ̀ lónìí, kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ṣé mo lè fi ọ̀tapiápiá wẹ ajá?

Rárá, rárá, rárá. Dichlorvos ló wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀. Ajá á lá ara rẹ̀, itọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, á máa gbọ̀n, kí ilẹ̀ tó ṣú ó ti kú. Ọmọ tó bá dì mọ́ ajá náà ń gba tirẹ̀. Àwọn ènìyàn kàn máa ń gbàgbé pé nítorí májèlé yìí kan náà ni ìjọba ṣe dá títa ìgò kékeré rẹ̀ ní ọjà dúró ní 2019. Ọ́ìlì mọ́tò tí mẹkáníìkì ti dà nù náà, májèlé ni.

Amitraz tí ẹ pò bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ìgò, tàbí fipronil tí à ń kán sí ọrùn, ni kí ẹ bèèrè fún. Bí ológbò bá wà nílé, ẹ ṣọ́ra fún permethrin. Ohun tí ajá fara dà ń pa ológbò.

Mo ti wẹ ajá, eégbọn ṣì ń gun ògiri. Kí ló dé?

Nítorí pé èyí tó wà lára ajá kéré sí èyí tó wà nínú ilé. Eégbọn ajá máa ń gòkè bó bá yó: sínú ògiri tó sán, ẹ̀yìn férémù, etí àjà. Ó sì lè dúró oṣù púpọ̀ láìjẹun. Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ tọ́jú ajá àti ilé, kí ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì nítorí ẹyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ẹ fi sìmẹ́ńtì dí ògiri tó sán. Àpò tí ajá ń sùn lé, ẹ sun ún.

Lékeléke ń jẹ eégbọn, ṣé ìyẹn kò tó?

Ó ń ṣà díẹ̀, ṣùgbọ́n tata àti kòkòrò tí ẹsẹ̀ màlúù tú jáde nínú koríko ló ń bá a rìn fún. Ẹ má fi agbo ẹran sọ́wọ́ ẹyẹ. Àwọn Fúlàní mọ kirchi, àrùn awọ tó ń sé èépá kalẹ̀ lẹ́yìn màlúù. Eégbọn ẹlẹ́wà yẹn ló ń mú un burú sí i. Ẹ fún wọn ní oògùn, kí ẹ má sì dín in kù nítorí owó, torí oògùn tí kò kún ló ń kọ́ eégbọn bí yóò ṣe máa fara dà á.

Ọmọ mi wà ní Amẹ́ríkà, ó ní eégbọn so mọ́ òun. Kí ni kí n sọ fún un?

Kó lọ rí dókítà láìpẹ́, pàápàá bó bá wà ní apá ìlà-oòrùn àríwá orílẹ̀-èdè náà. Kékeré eégbọn wọn ló burú jù, kò tó hóró yànmọ̀tí. Kí ó sì rántí ohun kan: àwòrán tó wà nínú ìwé wọn, ara òyìnbó ló wà. Lára dúdú, pípọ́n yẹn lè dà bí ojú ibi tí nǹkan gbá, tó ṣú lásán, àwọn dókítà sì ti gbójú fo púpọ̀ nítorí èyí. Kó máa ya fọ́tò rẹ̀ lójoojúmọ́ kí wọ́n lè rí i pé ó ń fẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé eégbọn lè mú kí ènìyàn má lè jẹ ẹran mọ́?

Òótọ́ ni, bó tilẹ̀ dún bí àlọ́. Eégbọn kan wà ní Amẹ́ríkà, tí àmì funfun kan wà lẹ́yìn abo rẹ̀, tó lè mú kí ara ènìyàn kórìíra ṣúgà kan tó wà nínú ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Onítọ̀hún á jẹ màlúù tàbí àgbò lálẹ́, wákàtí 2 sí 6 lẹ́yìn náà ara á máa yún un, inú á máa run ún, nígbà mìíràn èémí á há. Adìẹ àti ẹja kò ṣe é ní nǹkan. Ọmọ yín tó dé fún Iléyá tó ní òun kò jẹ ẹran, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè dáadáa kí ẹ tó ní òyìnbó ti bà á jẹ́.

Ṣé àjẹsára wà?

Ọ̀kan wà fún Lyme ní Amẹ́ríkà láti 1998, wọ́n kó o kúrò lọ́jà ní 2002. Kò sí èyí tó wà fún ibà Congo tí ẹ lè rí gbà.

Láàbù kan ní Ìlọrin sọ pé mo ní Lyme, mi ò sì rìnrìn-àjò rí. Ṣé kí n gbà á gbọ́?

Kò tíì yá. Àyẹ̀wò yẹn kì í wá bakitéríà fúnra rẹ̀; ohun tí ara fi ń bá a jà ló ń wá, ó sì lè ṣi àrùn mìíràn mú, bíi sífílíìsì. Níbi tí àrùn kan kò bá sí, ọ̀pọ̀ èsì “bẹ́ẹ̀ ni” máa ń jẹ́ irọ́, bí àyẹ̀wò náà tilẹ̀ dára. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe é ní ìpele méjì lókè òkun, tí èkejì bá sì kọ̀, wọn kì í ka èkíní sí.

Mo ti rí ẹni tí wọ́n fún ní abẹ́rẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nítorí irú èsì bẹ́ẹ̀. Orúnkún tó ń ro ó, ọjọ́ orí àti ìwúwo ara ló fà á. Ẹ bi láàbù náà bóyá wọ́n ṣe ìpele kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ kó bébà èsì náà àti páálí gbogbo oògùn tí ẹ ti lò lọ bá dókítà ní ilé ìwòsàn ńlá, kí ẹ sì jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ń dùn yín.